Ìfẹ̀yìntì Bàbá Ítálì

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Sítéṣọ̀n,
Òṣogbo.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 1977.

Fákúnlé, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù Jọ́ọ̀sì o. Ṣé ara rẹ le? Nọ́síràtù ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé kò tíì mọ irú ẹni tí ó fẹ́? Ọmọ náà ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn, àbí ó ṣì ń rá kòrò? Jọ̀wọ́, ra súwẹ́tà, má dúró kí ó di pé wọ́n gbé ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ara tèmi le, mo dúpẹ́. Mo ṣì wà ní ọ́fíìsì tí mo sọ fún ọ, níbi tí mo ti ń ya àwòrán àwọn ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ́. Ní oṣù tó kọjá, ọ̀gá pè mí, ó sì yìn mí pé nínú gbogbo ilé tí a kò kọ́ lọ́dún yìí, tèmi ló dára jù.

Mo yà kí màmá rẹ ní Ìbòkun lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ara wọn dá ṣáṣá. Wọ́n kàn ní kí n sọ fún ọ pé bí ọwọ́ rẹ bá ti rọ tí o kò lè kọ lẹ́tà mọ́, kí o jẹ́ kí Nọ́síràtù máa bá ọ kọ ọ́. Wọ́n fi iṣu rán mi sí ọ. Jọ́ọ̀sì jìnnà, iṣu náà sì tóbi. Mo ti bá ọ jẹ ẹ́. Ó dùn.

Nínú lẹ́tà rẹ, o béèrè bóyá bàbá tó fún wa ní iyán wẹ́wẹ́ jẹ nígbà tí o wá kí mi lọ́dún tó kọjá ṣì wà láyé. Ó wà láyé dáadáa. Ìdí ààrò ni kò sí mọ́. Ó ti fẹ̀yìntì. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi fi gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè mi sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ọdúntán lorúkọ rẹ̀, ọmọ Iléṣà ni, ṣùgbọ́n bí o bá béèrè Ọdúntán ní òpópónà wa, wọn yóò ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Bàbá Ítálì ni kí o béèrè. (Kí o má bàa rò pé bàbá méjì là ń sọ, “ó” ni n ó máa pè é nínú lẹ́tà yìí. Lójú rẹ̀, “ẹ̀yin” ni.) Ó ti ń ta oúnjẹ àwọn ará Ítálì lẹ́bàá sítéṣọ̀n láti ìgbà tí ó ti ojú ogun Hítílà dé, kí wọ́n tó bí èmi àti ìwọ.

N kò sọ fún ọ rí bí ó ṣe kọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà ogun, wọ́n kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà láti bá àwọn Ítálì jà. Nígbà tí àwọn Ítálì túúbá, wọ́n ní kí bàbá máa ṣọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wọn ní Kẹ́ńyà. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà ni kúùkù wọn. Béèpè lorúkọ rẹ̀. Bàbá ní òun kò lè máa pe èpè lẹ́nu ní kùtùkùtù òwúrọ̀, ó sì sọ ọ́ di Bépo, nítorí pé kúùkù kúkú ni. Bàbá ń gbé ìbọn, Bépo ń ro ọbẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá gbé ìbọn ti ògiri kí ó lè bá a rò ó. Ó ní èdè wọn rọrùn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí pé àwọn Ítálì kì í pa ẹnu dé ní ìparí ọ̀rọ̀, bíi tiwa gẹ́lẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà sínú ọkọ̀ lọ sí ibòmíràn. Kí Bépo tó gun ọkọ̀, ó di ọwọ́ bàbá mú, ó sọ gbólóhùn kan. Ariwo ọkọ̀ kò jẹ́ kí bàbá gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó wo ojú rẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ pé: bá mi tọ́jú oúnjẹ yìí títí n ó fi dé. Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti ka oúnjẹ Ítálì sí ohun àfipamọ́. Kì í ṣe tirẹ̀, ó kàn ń bá ẹnì kan ṣọ́ ọ ni. Ìwọ náà mọ àwọn èèyàn wa. Bí ọmọ Iléṣà bá bá ọ tọ́jú abẹ́rẹ́, máa lọ sí Mẹ́kà, kí o gba Jerúsálẹ́mù bọ̀, wàá bá abẹ́rẹ́ náà níbẹ̀. Wàá sì bá òun náà níbẹ̀, nítorí pé kò ní lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní Òṣogbo, bàbá kò rí pòtétò, ó fi iṣu rọ́pò rẹ̀. Kò rí ewé tí Bépo máa ń já sí ọbẹ̀ tòmáàtì, ó fi efinrin rọ́pò rẹ̀. Wàràkàṣì wọn kò sí, ó lọ ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní. Epo tí wọ́n ń fún lára èso igi kan ní ìlú wọn, epo pupa ni ó fi dí i. Ó ń gún iyán, ó ń gé e wẹ́wẹ́, ó ń fi fọ́ọ̀kì tẹ ẹ́ lẹ́yìn, ó sì ń dà á sínú omi gbígbóná. Nyọ́kì ni ó ń pè é. Gbogbo òṣìṣẹ́ rélùwéè ń pè é ní iyán wẹ́wẹ́. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ lọ, wọ́n di ọ̀mọ̀wé nínú oúnjẹ Ítálì. Mo mọ kíláàkì kan tó máa ń bá ìyàwó rẹ̀ wí nílé pé ẹ̀fọ́ rẹ̀ kò ní adùn Ítálì.

Ní gbogbo àkókò yìí, ìyàwó bàbá wà ní Iléṣà, nínú ilé tí wọ́n jọ kọ́, ó ń ta aṣọ. Màmá Iléṣà ni gbogbo wa ń pè é. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni bàbá ti ń sọ fún un pé òun ń bọ̀ wálé pátápátá. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń lọ ní ìparí oṣù. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó di ìgbà ọdún nìkan. Màmá sì máa ń béèrè ní gbogbo ìgbà pé, ọjọ́ wo gan-an? Nígbà tí bàbá lọ lọ́dún Àjíǹde tó kọjá, màmá kò béèrè. Ó kàn bu oúnjẹ fún un, ó sì bi í bóyá òjò ti rọ̀ ní Òṣogbo. Ìyẹn ló já bàbá láyà. Bó ṣe dé, ó sọ fún wa pé bí òun kò bá tètè lọ, òun kò ní bá ẹni tó ń retí òun mọ́.

“Ulé ni mo ń lọ,” ni ó wí. Gbogbo ọdún tó lò ní Òṣogbo, kò tíì yọ “u” àwọn ará Iléṣà kúrò lẹ́nu rẹ̀. “Ṣùgbọ́n ta ni n ó fa iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́?”

Làbákẹ́, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹni tó ti ń bá a dáná láti ìgbà tó wà nílé ìwé, gbé orí sókè nídìí ìkòkò. “Èmi tí mò ń sè é ńkọ́?”

“Ìwọ, ṣé ọmọ Ítálì ni ọ́? Ẹni tó ni nǹkan ni kó wá gbà á.”

“Ẹ̀yin náà ò ṣáà jọ òyìnbó, bàbá.”

Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn oníbàárà. Mo rò pé wọn yóò sunkún. Ìpàdé ni wọ́n pè. O mọ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, wọn kì í jẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan fọwọ́ sí i. Ọ̀gbẹ́ni Ṣàngódèyí, tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú ọkọ̀ ojú irin, ni wọ́n fi ṣe alága, nítorí pé òun ló jókòó sún mọ́ ibi tí oúnjẹ ń gbà jáde.

“Bàbá,” ni alága wí, “ta ló ń fẹ̀yìn yín tì?”

“Èmi fúnra mi ni.”

“Kò ṣeé ṣe. Èèyàn kì í fẹ̀yìn ara rẹ̀ tì. Ọ̀gá ẹni ló ń fẹ̀yìn ẹni tì. Bí ẹ bá fẹ̀yìn, tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí ẹ fẹ̀yìn tì, ilẹ̀ lẹ ń lọ.”

Làbákẹ́ yọjú. “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ilé oúnjẹ nìyí, kì í ṣe sítéṣọ̀n.”

“Làbákẹ́, máa gbé oúnjẹ bọ̀.”

“Oúnjẹ wo? Mo rò pé a ti fẹ̀yìntì.”

“A kò tíì fọwọ́ sí i.”

Wọ́n jiyàn títí ilẹ̀ fi ń ṣú, wọ́n sì gbà níkẹyìn pé Ítálì ni ọ̀gá bàbá. Nítorí náà, kí a wá ará Ítálì kan, kí ó jẹ oúnjẹ náà, kí ó bọ bàbá lọ́wọ́, kí ó sì dá a sílẹ̀. Mo rò pé bàbá yóò fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Rárá o, ojú rẹ̀ tàn ni. Ó ní ohun tí òun ti ń wá láti ọjọ́ yìí gan-an nìyẹn. Kò pọn dandan kó jẹ́ Bépo fúnra rẹ̀. Ṣọ́jà tó wà lójú ìṣọ́ kì í kúrò títí ẹlòmíràn yóò fi dé gba ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò di ìgbà tó bá mọ ẹni náà rí. Bí ará Ítálì kan bá ti sọ pé òótọ́ ni, tiwọn nìyí, àfipamọ́ ti dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, òun sì lè máa lọ sílé.

Èmi ni wọ́n rán láti lọ wá ará Ítálì náà, nítorí pé mo lọ sí Pólì. Ní òpópónà wa, wọ́n gbà pé bí a ṣe ń bá òyìnbó sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀. Mo gbọ́ pé ẹnjiníà kan wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà lápá Òṣú, ọ̀dọ́kùnrin onírùngbọ̀n kan tó ń jẹ́ Rẹ́nsò. Mo sọ fún un pé bàbá kan ní Òṣogbo ti ń se oúnjẹ Ítálì láti ìgbà ogun, ó fẹ́ fẹ̀yìntì, ó sì fẹ́ kí Ítálì dá òun sílẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní òun yóò wá. Mo rò pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá èmi nìkan ni, àbí gbogbo ìlú.

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá ni wọ́n dá. A ránṣẹ́ sí Màmá Iléṣà pé kó wá wò ó bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń fẹ̀yìntì. Ó ránṣẹ́ padà pé òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí.

Rẹ́nsò wọ ṣòkòtò péńpé dé. Ìyẹn ti kọ́kọ́ bí ìgbìmọ̀ nínú, nítorí pé gbogbo wọn ló wọ kóòtù nínú oòrùn. Bàbá wọ aṣọ ṣọ́jà rẹ̀ àtijọ́, tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń fi agbára mú ara wọn. Ó kí Rẹ́nsò ní èdè Ítálì. Rẹ́nsò la ẹnu sílẹ̀ díẹ̀, ó sì dá a lóhùn. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé ọkọ̀ ojú irin dé lásìkò.

Làbákẹ́ gbé nyọ́kì wá. Rẹ́nsò jẹ ẹ́ tán. Ó ní kí wọ́n tún bù sí i. Bàbá dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì bí ẹni tí ọ̀gágun ń yẹ̀ wò. Nígbà tí Rẹ́nsò ti fi búrẹ́dì nu àwo rẹ̀ tán, ó kọjú sí mi, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀. Ó ní oúnjẹ náà dùn gan-an. Ó ní òun ti pẹ́ ní Nàìjíríà, ìrẹsì ni wọ́n ń fún àwọn ní kámpù, kò sì sí ẹni tó sọ fún òun pé irú nǹkan báyìí wà. Ó wá béèrè orúkọ rẹ̀, àti ìlú Yorùbá tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́.

Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Mo kó gbogbo ẹ̀kọ́ Pólì mi jọ.

“Ó ní bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó ní ńṣe ló dà bíi ti ìyá òun.”

Àtẹ́wọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ kí bàbá tó gbé ọwọ́ sókè.

“Olúmúyìwá, Gẹ̀ẹ́sì ló kó mi lọ sógun. Èdè wo lo rò pé wọ́n fi ń pàṣẹ fún mi? Mo gbọ́ ohun tó wí.”

Ó wọ inú ilé lọ, ó kó iṣu àti efinrin àti wàrà jáde, ó ń fi wọ́n han Rẹ́nsò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń fi hàn án ni Rẹ́nsò ń mi orí. Rẹ́nsò ní òótọ́ ni, nyọ́kì wà lọ́dọ̀ àwọn, ṣùgbọ́n eléyìí kọ́. Eléyìí, òun kò jẹ irú rẹ̀ rí láyé òun.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣàngódèyí dìde. “Ẹ jọ̀wọ́, ta ló yẹ ọkùnrin yìí wò kó tó wọlé?”

Ẹnì kan ní irùngbọ̀n rẹ̀ jọ ti ará Lẹ́bánónì. Ẹlòmíràn ní rárá, Gíríìkì ni, òun mọ̀ wọ́n.

“Ọmọ Ítálì tí kò dá iyán wẹ́wẹ́ mọ̀,” ni alága wí. “Múyìwá, níbo lo ti rí eléyìí?”

“Òṣú ni, sà.”

“Ó hàn.”

Ó na ọwọ́ sí Rẹ́nsò bó ṣe máa ń nà án sí ẹni tó fara pamọ́ sábẹ́ àga nínú ọkọ̀, ó ní kó mú ìwé tó fi hàn pé Ítálì ló ti wọkọ̀. Rẹ́nsò rò pé ó fẹ́ bọ òun lọ́wọ́ ni. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ dáadáa, ó sì tún bọ àwọn tó kù.

Ṣùgbọ́n bàbá ni èmi ń wò. Ó ti jókòó, ó gbé iṣu náà lé itan. Làbákẹ́ sọ sí mi létí pé ó ti parí nìyẹn. Bàbá á ní òun ti bá nǹkan onínǹkan jẹ́, á ní dandan ni kí òun tún un ṣe, àwọn á máa wá pòtétò kiri, Màmá Iléṣà á sì gbàgbé ojú rẹ̀ pátápátá. Ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn.

“Kì í ṣe ti Bépo,” ni bàbá wí.

Ó yí iṣu náà padà lórí itan rẹ̀.

“Kì í ṣe ti Ítálì.”

“Ti Ítálì ni jàre, bàbá,” ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣàngódèyí wí. “Ẹ má dá ará Gíríìkì yìí lóhùn.”

“Ẹ dúró ná. Ní Òṣogbo yìí, ẹlòmíràn wà tó ń sè é?”

“Kò sí.”

“Ní Iléṣà ńkọ́?”

“Kò sí.”

“Tèmi ni nígbà náà.” Ó wo gbogbo wa yí ká. “Tèmi ni láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Mo wá jókòó ti nǹkan ara mi, mò ń retí kí ẹni tó ni ín dé.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà já bọ́tìnnì kan lára aṣọ ṣọ́jà rẹ̀, ó fò sínú àwo ẹnì kan. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó pe Làbákẹ́.

“Àfipamọ́ ni n kò lè fún èèyàn. Èyí tó jẹ́ tèmi, mo lè fún ẹni tó wù mí. Mo fún ọ.”

Làbákẹ́ kò dúpẹ́. Ó ronú díẹ̀. “Ṣé mo lè fi ata sí i?”

Ó yẹ kí o mọ̀ pé Bépo kì í jẹ ata, nítorí náà ata kò wọ ìkòkò yẹn rí láti ìgbà ogun. Bàbá wo àjà fún ìgbà díẹ̀.

“Tìrẹ ni. Fi sí i.”

Àtẹ́wọ́ tí àwọn oníbàárà pa fún ata yìí ju gbogbo èyí tí wọ́n ti pa lọ. Mo wá rí i pé ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ńṣe ni wọ́n ń fara dà á. Alága nìkan ló ní gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ kò bá òfin mu. Bàbá ní kó lọ fọkàn balẹ̀, ẹni tó ni iṣẹ́ ti dá òun sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti bàbá wọ mọ́tò Pijó lọ sí Iléṣà. A bá màmá lójúde, ó ń ṣa ẹ̀wà.

“Ẹ káàbọ̀,” ni ó wí. “Ọ̀la lẹ ń padà?”

“Mi ò padà mọ́.”

“Ẹ wí bẹ́ẹ̀ nígbà Kérésìmesì.” Ó yí sí mi. “Múyìwá, ẹrù wọn dà?”

“Àpótí yìí náà ni, mà.”

“Àwọn ìkòkò ńkọ́?”

“Làbákẹ́ ti gbà wọ́n.”

Ìgbà tó gbọ́ pé ìkòkò kò sí lọ́wọ́ bàbá mọ́ ni ó tó gbé àwo ẹ̀wà kalẹ̀. Ó ń fi etí ìró nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

“Mo ti fi yàrá yín fún àwọn tíṣà méjì kan,” ni ó wí níkẹyìn.

“Yàrá mi?”

“Mo rò pé ẹ ò wá mọ́.”

Bàbá tẹrí ba. Kí ọ̀rọ̀ lè rìn, mo béèrè ibi tí bàbá yóò wá sùn. Màmá wò mí bí ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ fi owó ilé ìwé rẹ̀ ṣòfò. Ó gbé àpótí náà fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, ó sì gbé e wọ yàrá tirẹ̀. Bàbá sọ fún mi pé kí n má kọ ìyẹn sínú lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Mo ní mi ò ní kọ ọ́.

Ìrìnàjò tí mo ti yà ní Ìbòkun lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń bọ̀. Bàbá ń bá màmá ká aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń ká a bí ṣọ́jà. Kí n tó kúrò, àwọn tíṣà méjèèjì wá bá a. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn pé àwọn gba yàrá onílé, àwọn ti rí ibòmíràn lọ́nà Iwaraja, àwọn yóò sì kó jáde kí oṣù tó parí. Bàbá dìde dúró, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ó ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ó ní ẹ̀kọ́ ọmọ wa ṣe pàtàkì, kí ẹnikẹ́ni má lé tíṣà kúrò nínú ilé òun. Ó ti ra àtùpà tuntun fún wọn, ó sì ti pe káfíńtà kó wá tún ìlẹ̀kùn wọn ṣe.

Mo wo màmá. Ó ń wo aṣọ.

Bá mi kí Nọ́síràtù dáadáa, kí o sì bá mi fọwọ́ pa ọmọ lórí. Làbákẹ́ ní kí n kí ọ. Kọ lẹ́tà sí màmá rẹ o.

Èmi ni, tìrẹ títí,

Olúmúyìwá.